Bàbá Kóńgò Fẹ́ San Owó Orí

Ọjọ́ tí ìjọba ní kí Bàbá Kóńgò má san owó orí mọ́, ọjọ́ náà ló bínú jù láyé rẹ̀.

Oṣù kìíní ọdún ni. Ó wọ aṣọ Iléyá rẹ̀, ó dé fìlà, ó sì kọjá sọ́dọ̀ Ayọ̀rìndé káfíńtà, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àtíbàbà kan ní Òkè-Ìlá láti bí ọgbọ̀n ọdún. "Káfíńtà, sìn mí débì kan." Ayọ̀rìndé rò pé ìsọmọlórúkọ ni. Ọ́fíìsì owó orí ni wọ́n gúnlẹ̀ sí. Ayọ̀rìndé fẹ́rẹ̀ẹ́ sá. Bàbá tirẹ̀ sá wọ igbó nítorí owó orí nígbà kan, ó lo ọjọ́ mẹ́ta lórí igi. Nílé wọn, ènìyàn kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Monínúọlá ló wà nídìí tábìlì.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Kí la lè ṣe fún yín?"

"Mo wá san owó orí."

Monínúọlá wò ó. Ó wo Ayọ̀rìndé, bí ẹni tó ń béèrè bóyá ara bàbá yá. Ó wá béèrè iṣẹ́ rẹ̀ àti iye tó ń wọlé lọ́dún. Bàbá Kóńgò sọ ọ́ dé orí kọ́bọ̀. Ọmọ náà tẹ kọ̀ǹpútà, ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ kú oríire. Òfin tuntun ti yọ yín kúrò. Ẹ ò ní san nǹkan kan."

"Ta ló ní kí wọ́n yọ mí?"

"Owó tó ń wọlé fún yín ni ò tó, bàbá."

Bàbá Kóńgò yíjú sí Ayọ̀rìndé. "Káfíńtà, ṣé o gbọ́ èébú?"

"Kì í ṣe èébú o, bàbá. Ìjọba ṣàánú yín ni," Monínúọlá ní.

"N ò bẹ̀ wọ́n. Gba owó."

"Kọ̀ǹpútà ò ní gbà á."

"Pa á, kí o fọwọ́ gbà á."

Àwọn tó tò sẹ́yìn ti ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó ń ta sìmẹ́ńtì ní, "Bàbá, bí owó bá ń yún yín lọ́wọ́, ẹ bá mi san tèmi."

"Tí mo bá san tìẹ," ni Bàbá Kóńgò wí, "ta ni yóò máa bú ìjọba fún ẹ?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé Ayọ̀rìndé. Láti ọjọ́ tí Sùnmọ́nù ti kúrò ní Ìrágbìjí wá sí Adó, kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní Bàbá Kóńgò nítorí kóńgò tó ń fi páànù ṣe, kò sí ọdún tí kò san owó orí. Gbogbo rìsíìtì rẹ̀ ló wà nínú agolo kan tó fi páànù ṣe fúnra rẹ̀. Owó tí yóò fi ní ẹnu ọ̀rọ̀ ló ń san. Òun náà ló máa ń wí pé, ẹni tí kò dá owó ọbẹ̀ kì í béèrè ẹran. Ó sì ní ohun tó fẹ́ béèrè.

Ilé ìwòsàn kékeré kan wà nísàlẹ̀ àdúgbò wọn. Atẹ́gùn gbé òrùlé rẹ̀ lọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọdọọdún ni wọ́n ń ka òrùlé náà mọ́ ètò ìṣúná ìjọba. Ọdọọdún ni òjò ń rọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mùlíkàt, ìyàwó Bàbá Kóńgò, abẹ́ agbòjò ló ti gba abẹ́rẹ́ ibà. Nọ́ọ̀sì ló sì ní kó di agbòjò mú dáadáa.

Ayọ̀rìndé ti wí fún un nígbà kan pé, "Ẹ̀yin mọ páànù, èmi mọ igi. Ẹ jẹ́ ká kàn án."

"Tí a bá kàn án," ni Bàbá Kóńgò dáhùn, "wọn á kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ló kàn án, wọn á sì ná owó rẹ̀."

Wọ́n jókòó ní ọ́fíìsì yẹn títí di aago mẹ́rin. Nígbà tí Monínúọlá fẹ́ tilẹ̀kùn, tí bàbá ò dìde, ó mú ìwé funfun kan, ó kọ nǹkan sí i, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ayọ̀rìndé ló kà á sókè: "Sùnmọ́nù tó ń ṣe kóńgò ní Òkè-Ìlá wá san owó orí. Àwa la ò gbà á."

Bàbá Kóńgò ká a sínú fìlà. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. "Àwọn ló wá jẹ mí ní gbèsè báyìí."

Kì í ṣe oníjà. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ohun tó bá ti ń wọn nǹkan fún ènìyàn, ó gbọ́dọ̀ yẹ ìdí rẹ̀ wò.

Iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ẹni tó bá ti ra gààrí rí mọ̀ pé àwọn kan máa ń lu ìdí kóńgò wọ inú, kó lè tètè kún. Bàbá Kóńgò kì í lù ú. Ìyá Dùnmínínú tó ń ta gààrí ní Ọjà Ọba wá bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan.

"Bàbá, ẹ bá mi lu ìdí eléyìí díẹ̀. Ọjà le."

"Fi í sílẹ̀."

Ó sì lù ú lóòótọ́. Àmọ́ inú ló ti lù ú, ìdí rẹ̀ yọ sí ìta bí ikùn aboyún. Ìyá náà rí i pé kóńgò ń mì lórí tábìlì. Ó rò pé tábìlì ni kò tẹ́jú.

Oníbàárà ya bò ó. Ó fi ìdúpẹ́ lélẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, gààrí tán nínú àpò, owó ò sì pé. Ó gbé kóńgò lérí wá sábẹ́ àtíbàbà.

"Bàbá Kóńgò, ẹ ti tú ulé mi ká!"

"Ilé wo ló tú? Ṣé oníbàárà ò pọ̀ ni?"

"Wọ́n pọ̀!"

"Ìwọ lo ní ọjà le. Mo ti bá ọ dẹ̀ ẹ́."

Ayọ̀rìndé rẹ́rìn-ín títí ìṣó fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kí òfin tuntun yẹn tó dé, ìròyìn kan jáde lórí rédíò. Wọ́n ní ìjọba àpapọ̀ fẹ́ gé owó orí kù, wọ́n sì tún fẹ́ ná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bàbá Kóńgò gbé òòlù sílẹ̀.

"Káfíńtà, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?"

"Àwọn ọ̀mọ̀wé ni."

"Ṣé ọ̀mọ̀wé kì í jẹ gààrí ni?"

Ó ní òun yóò dán an wò nílé. Ó pe Mùlíkàt. "Láti òní lọ, mo ti gé owó oúnjẹ tí mò ń fún ọ kù, kí ara lè tù mí. Ṣùgbọ́n ẹran gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i."

"Ṣé ara yín yá?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Àbújá nìyẹn."

"Níbo ni ìyókù yóò ti wá?"

"Yá a."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Wọn ò sọ ìyẹn lórí rédíò."

Oṣù náà dùn. Ẹran kún àwo. Bàbá Kóńgò máa ń mú eegun wá sábẹ́ àtíbàbà kí Ayọ̀rìndé lè fojú rí i. "Ó ṣeé ṣe, Káfíńtà! A kàn ń bú àwọn ènìyàn yìí ni." Ó kù díẹ̀ kí Ayọ̀rìndé dán an wò lára ìyàwó tirẹ̀.

Nígbà tí oṣù parí, Bàbá Kóńgò béèrè ẹni tó yá wọn lówó, kí òun lè lọ dúpẹ́.

"Olóore kan ni," Mùlíkàt ní. "Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín ló ń gbé."

Bàbá Kóńgò bẹ̀rẹ̀, ó fa àpótí rẹ̀ jáde. Owó àgbò Iléyá ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àkùkọ ni wọ́n pa lọ́dún yẹn. Bàbá Kóńgò ní ó tóbi dáadáa, ìwo nìkan ni kò ní.

Ó wí fún Ayọ̀rìndé pé, "Mo ti mọ ẹni tó ń yá wọn."

"Ta ni?"

"Àwa ni. Tí a bá sì kú, àwọn ọmọ wa."

Ọdún tí wọ́n kọ̀ láti gba owó orí rẹ̀ yẹn náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ pe aráàlú sí gbọ̀ngàn kan ní Adó, láti wá sọ ohun tí wọ́n fẹ́ nínú ìṣúná ọdún tó ń bọ̀. Àwọn àgbẹ̀ wá láti Ìjàn, àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìntì jókòó síwájú. Ọ̀gá kan sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Owó orí yóò wálẹ̀. Ọ̀nà yóò pọ̀. Ilé ìwòsàn yóò pọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá Kóńgò dìde, ó gbé kóńgò méjì àti àpò gààrí kékeré kan dání.

Ọlọ́pàá kan ní, "Bàbá, ẹ jókòó."

Ó yọ ìwé Monínúọlá nínú fìlà. "Mo ní ìwé."

Ó da gààrí sínú kóńgò àkọ́kọ́, ó kún, ó tún bu ènì lé e, ó rí ṣóńṣó.

"Ọ̀gá, ṣé ó kún?"

"Ó kún, bàbá."

"Owó orí tí ẹ gé, ènì tó wà lókè yìí ni. A dúpẹ́." Ó da gbogbo rẹ̀ sínú kóńgò kejì. Kò dé ẹnu rẹ̀. Ó wá dojú ti àkọ́kọ́ bolẹ̀. Ìdí rẹ̀ ti wọnú lọ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó. "Ẹ̀yin tí ẹ bu ènì lókè, kí lẹ lù wọlé nísàlẹ̀? Ṣé òrùlé wa ni?"

Gbọ̀ngàn hó. Ọ̀gá náà nujú. Ó ní àwọn yóò wá wò ó.

"Ẹ máa mú agbòjò dání o," ni Bàbá Kóńgò wí, ó sì jókòó.

Ayọ̀rìndé nìkan ló mọ̀ pé Bàbá Kóńgò fúnra rẹ̀ ló lu ìdí kóńgò àkọ́kọ́ yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kóńgò yẹn nìkan ṣoṣo ló lù wọlé láyé rẹ̀. Ó ń lù ú, ó ń fajú ro, bí ẹni tó ń na ọmọ tí kò ṣẹ̀.

Òrùlé ò dé. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bàbá Kóńgò. Ilé ìwòsàn ìsàlẹ̀ àdúgbò náà ni wọ́n gbé e lọ. Ayọ̀rìndé bá a níbẹ̀ tó dojú kọ òkè, tó ń wo àwọ̀sánmà.

"Káfíńtà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìṣúná, kó sùn síbí."

"Ẹ sinmi, bàbá."

"Mò ń sinmi. Mo kàn fẹ́ mọ ìgbà tí yóò rọ̀ ni."

Ó kú ní ọjọ́ kejì, kí òjò náà tó rọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín. Ayọ̀rìndé ló kan pákó tí wọ́n fi bo ibojì náà. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ó mọ̀ pé ẹni yẹn yóò yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, Mùlíkàt gbé agolo rìsíìtì wá sábẹ́ àtíbàbà, àti kóńgò tí ìdí rẹ̀ wọnú. "Ó ní kí n gbé wọn fún yín."

"Kí n fi wọ́n ṣe kí ni?"

"Ó ní ẹ mọ ibi tí ẹ ó gbé wọn lọ."

Ayọ̀rìndé gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ pákó. Kò fọwọ́ kàn wọ́n títí tí rédíò fi kéde ìpàdé ìṣúná ti ọdún náà. Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó gbé kóńgò sábẹ́ apá. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn dé ọ́fíìsì owó orí.

Monínúọlá gbójú sókè. Ó wo ẹ̀yìn Ayọ̀rìndé, bóyá ẹnìkan ṣì ń bọ̀.

"Èmi nìkan ni," Ayọ̀rìndé ní. "Mo wá san owó orí."

Monínúọlá kò tẹ kọ̀ǹpútà. Ó fa ìwé funfun kan yọ.

"Orúkọ yín, bàbá?"

"Ayọ̀rìndé. Káfíńtà, Òkè-Ìlá."

Ó kọ ọ́, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Kò tíì jẹ́ kí ìwé náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ béèrè ní ìpàdé ìṣúná?"

Ayọ̀rìndé dojú kóńgò bolẹ̀ lórí tábìlì, ó fi ìdí rẹ̀ hàn án. Monínúọlá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ẹ tètè máa lọ, bàbá," ó ní. "Wọn á ti fi àdúrà bẹ̀rẹ̀."