Orúkọ Ìyá Ẹyinjú

Alágbàfọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin yìí. Yàrá kan tó kọjú sí títì ló fi ń ṣiṣẹ́: tábìlì gígùn kan tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bò, áyọ́ọ̀nù méjì tí ọ̀kan ń gbóná tí èkejì ń tutù, okùn mẹ́ta tí aṣọ oníbàárà rọ̀ dirodiro sí, àti agbọ̀n kékeré kan tó kún fún bọ́tìnnì tó já. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Tó bá lọ ṣẹ́ẹ̀tì fún ọ tán, ẹ̀rù àtijókòó á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bà ọ́. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá sọ máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ó sọ fún oníbàárà kan lọ́jọ́ kan pé, "Ọ̀gá, kọ́là yín yìí ti dàgbà jù yín lọ. Ẹ jẹ́ kó fẹ̀yìntì."

Ó ti di ọdún mẹ́rin tó wọlé ọkọ. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù, ti fẹ́ ìyàwó kan kó tó mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ nìyẹn. Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta péré ló gbé e lọ, nígbà tí Ẹyinjú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjì. Ará ilé ló sọ ọmọ náà ní Ẹyinjú, ó sì mọ́ ọn lára débi pé tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ gan-an níléèwé, ó máa ń bojú wẹ̀yìn wo ẹni tí wọ́n ń pè. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ báyìí. "Mọ́mì" ló ń pe Alágbàfọ̀, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Inú ilé olóògbé náà ni Alágbàfọ̀ wọ̀, kò sì sẹ́ni tó kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, agolo mẹ́ta tò tẹ̀lé ara wọn, olùkọ́ sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nǹkan sí wọn lára, lẹ́tà ńláńlá bí èyí tí wọ́n ń kọ sójú pátákó: IYỌ̀. ṢÚGÀ. MÁ ṢÍ I. Ọdún mẹ́rin ni Alágbàfọ̀ fi ń bu iyọ̀, tó fi ń bu ṣúgà, tí kò fọwọ́ kan ìkẹta. Ó máa ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín pé ìyálé òun ti kú tán, ó ṣì ń pàṣẹ nílé ìdáná. Síbẹ̀ kò ṣí i.

Èyí tí kò ṣeé fi rẹ́rìn-ín ni ti aago mẹ́ta ọ̀sán. Lọ́jọ́ tí ilé bá dákẹ́, ó máa ń gbọ́ sálúbàtà ní ọ̀nà ẹ̀yìn, tí ẹsẹ̀ kan ń wọ́lẹ̀ díẹ̀ ju èkejì lọ. Á rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn, á dúró. Tí Alágbàfọ̀ bá yọjú, kò ní rí ẹnikẹ́ni. Ó ní eku ni. Ó ní páànù ló ń ta nínú oòrùn. Lọ́jọ́ kan, ìyá nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, tó ń gbé ilé kejì, ń bá a sọ̀rọ̀ nípa olóògbé láìjẹ́ pé ó bi í. "Aago mẹ́ta gééré ló máa ń ti iléèwé dé," ni ìyá náà wí. "Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tó fi ṣèṣe rí, ó máa ń wọ́ ọ díẹ̀." Alágbàfọ̀ gbé e mì, kò sọ fún ẹnì kankan. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù, á tan rédíò, á yí i sókè.

Ọdún kejì ìgbéyàwó wọn ni ọkọ rẹ̀ ti lọ sókè òkun. Nígbà tó lo ọdún méjì níbẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù kiri ojú ọ̀nà tútù, ìjọba ibẹ̀ gbà fún un pé kó mú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wá. Ó fi fọ́ọ̀mù físà ránṣẹ́, ojú ewé mẹ́tàlélógún. Orí tábìlì aṣọ ni Alágbàfọ̀ ti kọ ọ́, bíróò lọ́wọ́, tí áyọ́ọ̀nù ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kọ tiẹ̀ tán, ó bọ́ sórí ti ọmọ. Ó dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé: orúkọ ìyá ọmọ. Ó gbé bíróò sílẹ̀. Ó tún gbé e. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀, ó sì tètè ṣí ojú ewé kejì bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ọkùnrin kan wà ní ìkángun títì tó ní kọ̀ǹpútà, tó máa ń bá èèyàn fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹ́ḿbásì. Akọ̀wé ni wọ́n ń pè é, torí kó máa pe ara rẹ̀ ní lọ́yà ló kù. Ó tẹ fọ́ọ̀mù náà bó ṣe bá a, ó fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé ìbí ọmọ.

Oṣù mẹ́ta kọjá kí Akọ̀wé tó fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, bébà kan lọ́wọ́, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

"Ìyá Ẹyinjú, ọ̀rọ̀ wà o. Orúkọ tó wà nínú ìwé ìbí ọmọ yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú fọ́ọ̀mù. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí ìyá rẹ̀ gan-an jẹ́. Tó bá wà láàyè, kó fọwọ́ sí i pé ọmọ lè lọ. Tó bá ti kú, kí ẹ mú ìwé ẹ̀rí ikú rẹ̀ wá. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fún wa."

"Ẹ ka gbogbo rẹ̀ fún mi."

Ó kà á. Nítòsí ìparí, wọ́n kọ ọ́ pé: ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ibi tí obìnrin náà ń gbé lọ́wọ́lọ́wọ́. Ilé mi ni, ló wá sí Alágbàfọ̀ lọ́kàn.

"Àbí èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ sódì?" ni Akọ̀wé ń wí, ó ń họrí. "Ogún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí!"

"Àṣìṣe ni," ni Alágbàfọ̀ dáhùn. Kò sọ ti ẹni tó ṣe é.

Lójú ẹsẹ̀ ló pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. "Bàbá Ẹyinjú, ìwé ikú rẹ̀ dà?"

"Ta ló rántí ìwé lọ́jọ́ yẹn?" ni ọkùnrin náà fi dáhùn. "Ká tó gbé e dé ọsibítù, ó ti parí. Wọ́n kọ nǹkan sí bébà kékeré kan, wọ́n fún Màmá Àgbà, ìyá rẹ̀. Láìsí ìyẹn, ọ́fíìsì ò ní fún wa ní ìwé kankan. Lọ bá Màmá Àgbà."

"Ẹ bá mi pè wọ́n ṣáájú."

"Mi ò lè bi wọ́n ní ìyẹn. Jọ̀ọ́. Mi ò lè ṣe é."

Bọ́ọ̀sì méjì ló gbé Alágbàfọ̀ dé ilé Màmá Àgbà. Yàrá kan ni, ó mọ́ tónítóní, ibùsùn lápá kan, àga méjì lápá kejì, okùn òwú oríṣiríṣi àwọ̀ nínú báàgì, torí fìlà ọmọ ìkókó ni màmá náà ń hun tà. Fọ́tò olùkọ́ wà lára ògiri, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ pe orúkọ ọmọ kíláàsì kan. Alágbàfọ̀ kúnlẹ̀ kí màmá, ó mú àga tó kẹ̀yìn sí fọ́tò náà.

Ó sọ ohun tó bá wá, ó ní àṣìṣe ló wà nínú fọ́ọ̀mù. Màmá Àgbà ò dá iṣẹ́ ọwọ́ wọn dúró.

"Kò sí bébà kankan lọ́dọ̀ mi."

"Màmá, Bàbá Ẹyinjú ní..."

"Mo ní kò sí. Ẹ fẹ́ kó ọmọ lọ síbi tí mi ò ní rí i mọ́. Ẹ tún fẹ́ kí n fọwọ́ ara mi sọ pé ìyá rẹ̀ ti kú. Ohun méjì lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo?"

Alágbàfọ̀ dìde, ó dágbére, ó wọ bọ́ọ̀sì méjì padà sílé.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e ò dáa. Ó jó ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà méjì, òun tí kò jó ọ̀kan rí láti ọdún mẹ́wàá. Rédíò bàjẹ́. Ní aago mẹ́ta, sálúbàtà náà á dé, á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè tí kò sì sẹ́ni tó sọ ohun tí wọ́n pè é fún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ẹyinjú ti iléèwé dé, ó jókòó lábẹ́ tábìlì níbi tó ti máa ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé, ó bi í pé, "Mọ́mì, ṣé lóòótọ́ ni àwọn òyìnbó ẹ́ḿbásì ń wá mọ́mì mi kejì?"

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Akọ̀wé ló ń sọ ọ́ fún ìyá nọ́ọ̀sì. Tí wọ́n bá rí i, ẹ ní kó wá kí mi."

Alágbàfọ̀ yọ áyọ́ọ̀nù kúrò lára iná. Lọ́jọ́ kejì, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án péré, ó padà sọ́dọ̀ Màmá Àgbà. Lọ́tẹ̀ yìí, àga tó kọjú sí fọ́tò ló jókòó sí.

"Màmá, mo pa irọ́. Mo ní àṣìṣe ni. Kì í ṣe àṣìṣe. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ ọmọ yín síbẹ̀, mo mọ̀ ọ́n kọ, mo sì kọ tèmi."

Ọwọ́ Màmá Àgbà dúró lórí òwú. "Kí ló dé tó o fi ṣe é?"

"Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, mà. Mo rò pé tí n ò bá kọ ọ́, kò ní bá wa lọ."

Ó wá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: sálúbàtà, rédíò, agolo. Ó ń retí èébú. Màmá Àgbà gbé òwú sórí ẹsẹ̀ wọn.

"O ti pe orúkọ rẹ̀ rí?"

"Rárá, mà."

"Ọdún mẹ́rin, nínú ilé rẹ̀?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Pè é."

Ó pè é, orúkọ náà sì jáde wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń pe ẹni tó wà nínú yàrá kan náà.

"Ṣé o rí i? Kì í jẹni." Màmá Àgbà nu ojú wọn pẹ̀lú fìlà ọmọ ìkókó tí wọ́n ń hun. "Ta ló sì sọ fún ọ pé kó o má ṣí agolo? Bísíkíìtì ló máa ń kó síbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ń fi í pamọ́ fún. Ọ̀kánjúwà ni ọkùnrin yẹn tó bá rí bísíkíìtì."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì, ó sì di ẹkún kí wọ́n tó mọ̀. Nígbà tó rọlẹ̀, màmá náà ki ọwọ́ sínú àpò ìrọ̀rí wọn, wọ́n fa bébà kan yọ. Wọ́n ti tẹ́ ẹ, wọ́n ti ká a, títí ojú ìkákò rẹ̀ fi fẹ́ já. Ìlà mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀, àti aago tó kú. "Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń sùn lé e," ni wọ́n wí. "Èmi náà ò fẹ́ kó lọ."

Àwọn méjèèjì ló jọ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ìbí àti ikú sílẹ̀. Wọ́n tò, wọ́n jókòó, wọ́n tún tò. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà níbẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ awò ojú, ń bi Màmá Àgbà léèrè, wọ́n ń dáhùn kedere, ọjọ́, wákàtí, ibi tó ṣẹlẹ̀. Ó wá yíjú sí Alágbàfọ̀.

"Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Kí ni olóògbé jẹ́ sí yín?"

"Ìyálé mi ni."

Ọ̀dọ́bìnrin náà gbójú sókè. "Ẹ jọ wà nílé ọkọ?"

"A ṣì jọ wà níbẹ̀."

"Kọ àbúrò," ni Màmá Àgbà sọ. "Àbúrò rẹ̀ ni. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Màmá, ẹ̀rí irọ́ nìyẹn máa jẹ́ o." Ọ̀dọ́bìnrin náà kọ ọ́ pé ìyàwó ọkọ olóògbé, ó lu òǹtẹ̀ lé e. Ariwo òǹtẹ̀ náà mú kí Màmá Àgbà ta gìrì.

Láti ibẹ̀, wọ́n gba kóòtù lọ, níbi tí Alágbàfọ̀ ti búra sínú ìwé pé òun ló kọ orúkọ ara òun sí àyè ìyá ọmọ, pé ó yẹ kí òun kọ ti ìyá tó bí ọmọ. Ó gbé ìwé náà fún Akọ̀wé kà, kó lè yé bá ara rẹ̀ jà. Akọ̀wé kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí oorun kọ̀ mí lójú láti ọjọ́ yìí!" Ó bínú dáadáa, ó sì tẹ fọ́ọ̀mù tuntun náà lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń ka lẹ́tà orúkọ olùkọ́ sókè níkọ̀ọ̀kan, Alágbàfọ̀ ń dáhùn. Orúkọ tirẹ̀ bọ́ sí ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ ìyàwó bàbá sí. Ọjọ́ méjì ló kù kí gbèdéke pé nígbà tí ìwé náà lọ.

Ẹ má rò pé sálúbàtà dákẹ́ o. Kò dákẹ́. Ṣùgbọ́n Alágbàfọ̀ ò tún rédíò náà ṣe mọ́. Tó bá ti gbọ́ ọ, á ní, "Ẹ káàbọ̀, mà," á máa bá aṣọ rẹ̀ lọ.

Físà jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, ti àwọn méjèèjì. Màmá Àgbà ò sin wọ́n dé pápá ọkọ̀ òfúrufú. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn. Ẹnu ilẹ̀kùn wọn ni wọ́n dúró sí, wọ́n di ọmọ mú pẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n di Alágbàfọ̀ náà mú, wọ́n ní kó rántí bo ọmọ lọ́rùn.

Ọwọ́ ọ̀sán ni ọkọ̀ òfúrufú wọn balẹ̀ lókè òkun. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn irin níbi tí wọ́n ti ń pàdé àlejò, ó ti tóbi sí i nínú ẹ̀wù òtútù. Ẹyinjú sáré lọ bá a, bàbá rẹ̀ gbé e sókè, ó fi ojú pamọ́ sí ọrùn ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí i, ojú rẹ̀ sì kọjá èjìká obìnrin náà lọ sí ilẹ̀kùn gíláàsì tí wọ́n gbà jáde, ó dúró síbẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ṣì ń retí ẹnì kan.

Alágbàfọ̀ náà bojú wẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn náà ṣí láìsí ẹni tó gbà á jáde, ó tún pa dé. Ó gbé báàgì rẹ̀, wọ́n sì jọ lọ sínú ọkọ̀.