Ewé Tí Bàṣírù Kò Tò

Iṣu ni Bàṣírù ará Kambolé ń fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ kó lọ sí Tchamba àti Sokodé ní ilẹ̀ Tógò. Bí ọkọ̀ bá kú mọ́ ọn lọ́wọ́, kí ó tó wo ẹ́ńjìnnì rárá, yóò ti ṣá ẹ̀ka igi eléwé, yóò tò ó sójú ọ̀nà kí ará ẹ̀yìn má baà wá forí sọ ọ́. Ó kọ́ Jàríátù ọmọ rẹ̀ náà pé bó bá ti rí ewé nílẹ̀, kó tẹ bíréèkì.

Lọ́dún yìí, ilé iṣẹ́ kan wá fi àpótí kékeré sínú ọkọ̀ àwọn awakọ̀, wọ́n fẹ́ dán an wò. Láìsí wáyà, ọkọ̀ ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀: bí ọ̀kan bá dúró lójijì, àpótí inú àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò ké. Àwọn àgbà ní ẹni iwájú tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Èyí fẹ́ kọ́ wọn kí ẹnikẹ́ni tó jìn. Ohun tó dára ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àwọn awakọ̀ bá fi àdá sílé. Ta ló tún fẹ́ máa ṣá ewé bí ẹni tó ń sin ewúrẹ́?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ̀ kú mọ́ Bàṣírù lọ́wọ́ ní kọ́nà kan tí koríko bò, kò jìn sí Kambolé. Àpótí ń ránṣẹ́ sáwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ó mú sípánà, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ìró alùpùpù. Jàríátù ló ń ti ọjà Tchamba bọ̀, alùpùpù kò sì ní àpótí. Bàṣírù ń rá jáde, ó ń pariwo orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dìde tán tí ọmọ náà fi forí sọ ẹ̀yìn ọkọ̀.

Kò pẹ́ tí Àzízì, awakọ̀ bíi tirẹ̀, fi dé. Jẹ́jẹ́ ló rọra dúró lọ́ọ̀ọ́kán.

“Bàbá Jàríátù, ọ̀nà jíjìn ni àpótí ti pè mí.”

“Ó pè ọ́,” ni Bàṣírù wí. “Kò pe ọmọ mi.”

Wọ́n gbé Jàríátù sínú ọkọ̀ Àzízì. Títí wọ́n fi dé Sokodé, àpótí Àzízì ń ké, àwọn ọkọ̀ ń yà fún ara wọn. Bàṣírù kò rí nǹkan kan ṣe ju pé kó gbé orí ọmọ rẹ̀ lé itan lọ. Ní ọsibítù, dókítà kò lè sọ bóyá yóò tún fẹsẹ̀ rìn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Jàríátù lajú.

“Bàbá, mo ń wo ilẹ̀ o,” ó ní. “Mi ò rí ewé.”