Iyán Tí Ọmọ Mi Gún fún Mi

Nígbà tí ìyàwó mi kó ẹrù rẹ̀ padà sí Savalou ìlú rẹ̀, ọmọ wa kan ṣoṣo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ̀tẹ̀ẹ̀ ni. A kò ja ìjà ìgboro. Ó ní òun kò lè máa gbé pẹ̀lú ẹni tó ń bá ìwé sọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń bá òun sọ̀rọ̀ lọ. Èmi náà ní n kò lè máa gbé pẹ̀lú ẹni tó sọ ọjà di ilé. Ẹbí pàdé, wọ́n sọ̀rọ̀ títí, ọ̀rọ̀ kò wọ̀, a sì kọ ara wa sílẹ̀. Olùkọ́ ilé ìwé ìjọ Àgùdà ni mí ní Bantẹ̀, Fadá kò sì fẹ́ràn olùkọ́ tó kọ aya. Ó bínú sí mi pẹ́. Mo fara dà á.

Lẹ́yìn náà ni mo wá rí i pé dídá gbé dùn. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Ibi tí mo bá gbé àga mi sí, ibẹ̀ ni mo ń bá a. Bí mo bá sùn lọ́sàn-án, kò sí ẹni tó ń jí mi béèrè ohunkóhun. Ẹ̀wà ni mo mọ̀ ọ́n sè, ẹ̀wà náà ni mo ń sè. Àwọn ìyàwó agbolé wa ń ṣàánú mi, wọ́n ní ọkùnrin tí kò ní ẹni tó ń dáná fún un, òkú ọ̀run ló sàn jù ú lọ. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń jẹ ẹ̀wà mi.

Ó ku ọdún bíi mélòó kan kí ilẹ̀ wa gba òmìnira, nígbà tí ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ru àpótí pákó. Ó ti ga jù mí lọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó sì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an bí ẹni tó há a sórí.

“Ìyá mi ní kí n kí yín. Wọ́n ní ọkọ tí àwọn fẹ́ lẹ́yìn yín àti èmi kò gbọ́ra wa yé mọ́. Wọ́n ní kí n wá gbé lọ́dọ̀ yín títí di ìgbà iṣu tuntun. Bí ilé yín bá gbà mí, kí n dúró. Bí kò bá gbà mí, kí n máa bọ̀, àwọn á fi mí ránṣẹ́ sí àbúrò àwọn ní Kútọnu.”

Ẹni tó bá lọ sí Kútọnu nígbà náà kì í tètè bọ̀. Èmi fúnra mi ní ọ̀rẹ́ méjì tó lọ, mi ò rí ìkankan nínú wọn mọ́. Mo ní kí ó gbé àpótí wọlé.

Ẹ má bi mí bí nǹkan ṣe rí ní oṣù àkọ́kọ́. Ó ti ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ní Savalou, mo sì bá a wá ọ̀gá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ló ti ń kọrin, orin èdè Máhì tí wọ́n ń sọ ní Savalou ni, gbogbo rẹ̀ ló sì gùn. Ata tó ń dà sọ́bẹ̀ lè jí òkú. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ sílé ìwé, ó rí i pé àga mi ń mì, ó fẹ́ tún un ṣe fún mi. Ó gé ẹsẹ̀ kan, ó gé èkejì kó lè bá a dọ́gba, èkejì kúrú jù, ó tún padà sí ti àkọ́kọ́. Nígbà tí mo dé tí mo jókòó, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí ọjọ́ Ìsinmi fi dé.

Òun náà ní ẹ̀dùn tirẹ̀. Ó wo inú ìkòkò lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ̀wà náà ni a tún máa jẹ lọ́la?”

Mo ní, “Bí Ọlọ́run bá fẹ́.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé e. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wa kò ju ẹ káàárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, àti ata yìí ti pọ̀ jù lọ. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí i pé bí ọ̀gá rẹ̀ bá dá a dúró pẹ́, etí mi á wà lójú ọ̀nà. Mo fẹ́ràn ọmọ náà. Mo fẹ́ kó dúró tì mí, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu. Ẹni tó ti ń fọ́nnu fún gbogbo agbolé pé dídá gbé dùn, ojú á tì í láti sọ pé ó ti sú òun.

Ìgbà iṣu tuntun wá dé. Savalou ló kọ́kọ́ ń ṣe tiwọn ní àárín oṣù kẹjọ. Ọmọ mi ní òun fẹ́ lọ kí ìyá òun. Mo ní kó lọ, mo sì wo àpótí rẹ̀ níbi tó wà, mo ń rò ó bóyá yóò gbé e dání. Kò gbé e. Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń jẹ ẹ̀wà bí ẹni tó ń jẹ iyẹ̀pẹ̀.

Lọ́jọ́ tó dé, ilé ìwé ni mo wà, mò ń tún kíláàsì ṣe kí àwọn ọmọ tó wọlé. Bí mo ṣe ń bọ̀ nílé ni mo gbọ́ ìró odó láti ọ̀nà jíjìn. Mo rò pé ilé aládùúgbò ni. Ilé tèmi ni. Ó ti bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, òógùn bò ó, ó ń gún iyán, àwọn ìyàwó ilé sì dúró lójú fèrèsé wọn, wọ́n ń wo ọkùnrin tó ń gún iyán fún ọkùnrin. Ó bu omi fún mi kí n fọwọ́. Ó gbé iyán síwájú mi pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá tó fi ẹja gbígbẹ sè. Kò bu tirẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo ojú mi.

Mo ti rí èèpo lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, ó fẹ́lẹ́, ó tutù. Bí mo ṣe fi òkèlè kan sẹ́nu ló dá mi lójú. Iṣu tuntun ni.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ní agbolé wa ní Bantẹ̀, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fi iṣu tuntun kan ẹnu kí baálé tó tọ́ ọ wò níwájú gbogbo wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni baálé nígbà náà, kò sì tíì dá ọjọ́. Ọmọ mi kò mọ̀. Níbi tó ti dàgbà, wọ́n ti jẹ iṣu, wọ́n ti jó, ọjà ti kún fún iṣu, ó sì rò pé bí Savalou bá ti jẹ ẹ́, gbogbo ayé ló ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Ó ra iṣu wá kí òun lè wá gún un fún bàbá òun.

Ó ní, “Bàbá, ṣé ó dùn?”

Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ, ẹnikẹ́ni kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Olùkọ́ ni mí, mo ń lọ sí Máàsì, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rù ẹ̀gbọ́n bàbá mi ju bí mo ṣe bẹ̀rù Fadá lọ. Mo wo ojú ọmọ náà. Mo ní, “Ó dùn gan-an. Bu tìrẹ.” A jẹ ẹ́ tán, a lá abọ́. Títí di òní, mi ò kábàámọ̀ rẹ̀.

Èèpo yẹn ló tú àṣírí wa. Ewúrẹ́ ìyàwó ilé kan ń jẹ ẹ́, obìnrin náà sì lójú. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti ránṣẹ́ pè wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálé. Àwọn àgbà ti jókòó. Òjò ọdún yẹn kò dára, inú oníkálùkù ti ń bí, wọ́n kàn ń wá ẹni tí wọ́n máa dà á lé lórí ni. Ọ̀kan nínú wọn ní ọmọ tí obìnrin nìkan tọ́ kì í mọ òfin ilé bàbá rẹ̀, kí n dá a padà síbi tí mo ti rí i, kó má lọ ba àwọn ọmọ tó kù jẹ́.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo bẹ̀bẹ̀ bí n kò ṣe bẹ̀bẹ̀ rí láyé mi. Mo ní, “Ẹ̀yin bàbá, àjòjì lójú, kò fi í ríran. Ẹ dárí jì í. Àlejò ni, kò mọ̀.”

Baálé ń rún orógbó lẹ́nu jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, “Dìde. Ọ̀rọ̀ tí o sọ dára. A kì í bu ìtanràn fún àlejò.” Ó kọjú sí ọmọ mi. “Gbọ́, ìwọ ọmọ. Bí o bá jẹ́ àlejò gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ ti wí, a ti dárí jì ọ́, kò sí ohun tó kàn ọ́. Wàá bá wa jẹ iṣu bí àlejò, tí a bá jẹ ẹ́ tán, wàá kí wa pé ó dàbọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá jẹ́ ọmọ agbolé yìí, o ti jẹ̀bi, wàá sì kọ ebè sí oko mi títí n ó fi ní ó tó. Oko mi kò kéré. Èwo nínú rẹ̀?”

Ẹnu mi ni mo fi pe ọmọ mi ní àlejò. Mo ti rò pé mò ń gbà á sílẹ̀ ni. Mo fẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà padà, ṣùgbọ́n baálé na ọwọ́ sí mi pé kí n dákẹ́. Mò ń gbàdúrà nínú mi kí wọ́n fìyà jẹ ọmọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ọmọ náà kò wo ojú mi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ó ní, “Bàbá, ẹ bu ìtanràn fún mi.”

Mo sunkún níwájú gbogbo wọn, èmi tí mò ń na ọmọ ọlọ́mọ nílé ìwé bí wọ́n bá sunkún. Baálé ní kí wọ́n bu omi fún mi, ó ní èmi tí mo jẹ iṣu náà kò níí jókòó sílé máa ka ìwé, kí n mú ọkọ́ tèmi náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a ń lọ sí oko, ọmọ mi ṣáájú, mo tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń lọ sí Savalou ń kó ẹrù lẹ́bàá ọ̀nà. Mo mọ awakọ̀ rẹ̀. Mo ní kó bá mi jẹ́ iṣẹ́ kan fún ìyá ọmọ mi ní ọjà, kó sọ fún un pé kó má wulẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Kútọnu mọ́, wọ́n ti bu ìtanràn fún ọmọ náà níbí.

Awakọ̀ wò mí, ó ní, “Olùkọ́, irú iṣẹ́ burúkú wo lẹ rán mi yìí?”

Mo ní kó ṣáà jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, yóò yé e.