Ta Ló Kọ́kọ́ Mọ̀ Pé Ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ Ti Ṣí?

"Lọ pa jẹnẹrétọ̀ yẹn, ariwo ẹ̀ ti pọ̀ jù."

Ohun tí Oyèdèjì sọ fún Ìdrís ọmọ rẹ̀ kẹ́yìn nìyẹn. Ìdrís lọ pa á. Kó tó padà wọlé, ẹ̀mí ti bọ́ lára bàbá.

Ìwó ni Oyèdèjì ti wá sí Ìkòròdú. Ó ṣọ́ géètì fún iléeṣẹ́ kan, ibẹ̀ ló ti rí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fẹ́ dànù. Ó gbé e wálé, ó tún un ṣe, ó fi kọ́ ara rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ìdájí làwọn ẹlẹ́ja ti ń dúró ní Èbúté, wọn ò mọ ìgbà tí ọkọ̀ tó ń kó ẹja bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ máa dé. Oyèdèjì dá ọgbọ́n sí i. Bí ọlọ́kọ̀ bá ti ṣí ní Ẹ̀pẹ́, á fláàṣì nọ́ńbà kan. Kọ̀ǹpútà á gbà á, á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù gbogbo ẹlẹ́ja. Dáúdà, ọmọṣẹ́ tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ rẹ̀, wà níbẹ̀ nígbà tó ń ṣe é.

Lọ́jọ́ fìdáù, wọ́n pín ẹrù òkú ní sàráà. Aṣọ lọ sọ́dọ̀ lèmọ́mù. Àwọn àgbà ní kí kọ̀ǹpútà lọ sí ilé kéwú, kí láádá lè máa tọ bàbá lẹ́yìn. Ìdrís fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja fẹ́ kọ orúkọ ẹni tó dá ọgbọ́n náà sílẹ̀ sára pátákó ní Èbúté. Dáúdà dìde.

"Èmi ni. Orí fóònù mi ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí."

Ìyá Rodiat, alága wọn, wò ó. "Dáúdà, ìwọ tó ń fi ìka kan tẹ̀wé?"

"Ìka kan náà ló bí i, Ìyá Rodiat."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Adélàjà, ọlọ́kọ̀ Ẹ̀pẹ́, ní, "Kí lẹ ń jà sí? Àwa ti ń fláàṣì ìyàwó wa kí kọ̀ǹpútà kankan tó dé."

"Ìdrís," Ìyá Rodiat ní, "gbé kọ̀ǹpútà bàbá ẹ wá, ká lè rí ẹni tó ṣe é níbẹ̀."

"Mo ti fi ṣe sàráà, mà. Wọ́n ti pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́, kí àwọn ọmọ lè fi kọ́ kéwú."

Dáúdà ń wo ilẹ̀. "Ọ̀gá mi ni wọ́n," ó ní. "Ṣùgbọ́n orí mi lèyí ti jáde."

Orúkọ Dáúdà ni wọ́n kọ.

Ìdrís délé. Ó da ẹ̀wà sórí àwo, ó jókòó, ó ń ṣa òkúta inú rẹ̀. Ẹ̀wà ẹni méjì ló dà. Ó bu ìdajì padà sínú ike, ó ń ṣa ìyókù lọ.