Okùn Kànga Ìyá Mi

Aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ẹgbẹ́dá. Bí mo ṣe jí ni mo rí ìyá mi lẹ́nu kànga, tí wọ́n fi eyín di okùn ìfami mú kí apá ọ̀tún tó ń dùn wọ́n láti èjìká lè sinmi díẹ̀. Ojú tì mí. Apá yẹn ni wọ́n fi tọ́ mi títí mo fi jáde yunifásítì, èmi sì wà lórí ẹní.

Mo gba okùn náà, mo ní màá ra ẹ̀rọ ìfami. N'Ìbàdàn níbi tí mo gba yàrá sí, onílé mi ní èyí tó ń lo iná mànàmáná, ilé kejì ń lo èyí tó ń mu pẹtiróòlù. Ojoojúmọ́ ni mo ń fi wọ́n wéra. Ti iná kì í pariwo, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ṣú, iná lè lọ. Ti pẹtiróòlù ò bìkítà fún òjò, àmọ́ ó ń rú èéfín, okùn tí wọ́n sì ń fà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ń fẹ́ apá líle. Èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀ kò fẹ́ epo, kò fẹ́ iná, ṣùgbọ́n èjìká ìyá mi ni yóò ṣì máa jìyà.

"Ti iná ni màá rà," mo wí. Iná ṣáà ti dé àdúgbò wa.

Ìyá olóògì, aládùúgbò wa tó ń dúró kó kàn wọ́n, rẹ́rìn-ín. "Ọ̀mọ̀wé, níjọ́ tí iná bá lọ, ṣé ìwé ẹ la ó fi fami?"

Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ìyá olóògì gbé omi lọ tán ni wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, omi ẹ̀rọ yá jù. Ẹni tó bá ti pọn tiẹ̀ á lọ. Okùn yìí ló ń dá àwọn aládùúgbò dúró. Bí wọ́n ṣe ń retí ara wọn ni wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀. Látìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, ohùn wọn ló ń jí mi."

Mo ní kí ló dé tí ìyá mi ò jẹ́ kí àwọn aládùúgbò máa bá wọn fa omi tiwọn.

"Èmi tí mo ni kànga, kí n máa bẹ̀bẹ̀ omi?"

Inú mi dùn pé ìyá mi ò dá wà. Ó sì bàjẹ́, torí kì í ṣe ohùn tèmi ló ń jí wọn. Mo fa omi kún gbogbo ìkòkò ilé, ṣùgbọ́n mò ń padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ìkòkò á sì gbẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá nílé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n gba èjìká wọn là, kí ẹ̀yìnkùlé sì dákẹ́? Àbí kí n bẹ ìyá olóògì níkọ̀kọ̀ pé kí wọ́n máa ṣe bíi pé wọ́n ṣèèṣì pọn omi sínú korobá ìyá mi?