Nígbà tí Èémí Ò Kún Àyà Mi

Apẹ́ńdíìsì ló gbé mi dé orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn kan ní Àpápá, lọ́dún tí àbígbẹ̀yìn mi fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Tíṣà ni mí ní Olódì-Àpápá. Inú ti ń run mí láti àárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìṣirò lọ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ẹ̀wà tí mo jẹ ni. Nígbà tó di ọ̀sán, mi ò lè nàró mọ́. Ọkọ mi, tó ń wa tírélà, wà lórí ìlà àwọn tírélà ní ibùdókọ̀ Coconut, ó ń dúró kí wọ́n pe ọkọ̀ rẹ̀ wọ èbúté. Ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, ó gun ọ̀kadà wá bá mi.

Dókítà tẹ inú mi, ó ní iṣẹ́ abẹ ló kàn, wọn ò sì lè sún un síwájú. Dókítà mìíràn, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló fún mi ní oògùn oorun. Ó ní kí n máa ka nọ́ńbà. Mi ò rántí ibi tí mo kà á dé.

Ìró ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́yìn náà. Bàtà ń lọ, bàtà ń bọ̀, ẹ̀rọ kan ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Mo mọ̀ pé mo ti jí. Mo fẹ́ la ojú, ìpéǹpéjú mi kò gbà. Mo fẹ́ gbé ọwọ́, ó wúwo bí ìgbà tí wọ́n gbé àpò sìmẹ́ǹtì lé e. Kì í ṣe ìrora. Ara mi kàn ò dá mi lóhùn ni. Mo ní kí n mí kanlẹ̀ kí ọkàn mi lè balẹ̀, ìgbà yẹn ni mo rí i pé afẹ́fẹ́ tó ń wọlé kò tó. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń fi sítírọ́ọ̀ tó ti tẹ̀ mu nǹkan. Itọ́ dúró sí ọ̀nà ọ̀fun mi, mi ò lè gbé e mì.

Ẹnì kan kọjá, ó ní, “Ó ṣì ń sùn.”

Mo fẹ́ sọ pé mi ò sùn. Ahọ́n mi kò gbéra.

Ọmọ ìjọ ni mí, ṣùgbọ́n mi ò gbàdúrà. Ohun tí mo ń rò ni pé mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé ibi tí mo kó yúnífọ́ọ̀mù tuntun ọmọ mi sí.

Nọ́ọ̀sì kan tó wà níbẹ̀ ló gbọ́ pé ìró ẹ̀rọ náà ti yí padà. Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó wo àyà mi, ó wá fi ọwọ́ rẹ̀ sínú ọwọ́ mi.

“Mọ́mì, ẹ di ọwọ́ mi mú dáadáa.”

Mo dì í mú. Lọ́kàn mi, gbogbo agbára mi ni mo fi dì í mú. Òun ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọmọ ìkókó máa ń di ìka mú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

“Ẹ gbé orí yín kúrò lórí pílò, ẹ jọ̀ọ́.”

Orí náà kò kúrò níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kejì ní, “Ẹ jẹ́ kó sùn, sísítà. Oògùn ṣì wà lójú ẹ̀ ni.”

“No be sleep be dis. Ó ń gbọ́ wa. Wo omijé ojú ẹ̀. Tètè lọ pe dókítà wá.”

Ó fi ìka ti ẹ̀yìn àgbọ̀n mi síwájú, ó sì fi ìbòmú afẹ́fẹ́ bò mí nímú àti lẹ́nu. Bó ṣe ń ṣe é, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. “Mo mọ̀ pé ẹ ti jí. Mo wà níbí. Ẹ ò dá wà.” Mi ò lè sọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí lára mi. Dókítà sáré dé, ó ń tẹ báàgì kan tí wọ́n so mọ́ ìbòmú náà, afẹ́fẹ́ sì ń kún àyà mi láìjẹ́ pé mo fà á. Ó gún abẹ́rẹ́ kan sínú dírípù. Àyà mi ló kọ́kọ́ ṣí, ọwọ́ mi tẹ̀ lé e, ọrùn ló gbẹ̀yìn.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí ọkọ mi wọlé, méjì ni mo rí, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan náà. Mo sọ fún un.

Ó ní, “Ẹyọ kan tí ò ń bá yí nílé ò tíì tó ẹ?”

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú abẹ kò jẹ́. Títí ilẹ̀ fi ṣú, bí mo bá mu omi, ṣe ló ń fẹ́ gba ọ̀nà òdì.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà oògùn oorun fa àga, ó jókòó tì mí.

“Mà, yàtọ̀ sí oògùn oorun, a máa ń fún èèyàn ní oògùn kan tó ń dẹ iṣan, kí inú lè rọ̀ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ abẹ. Tí iṣẹ́ bá parí, a ó fún un ní òmíràn tó máa lé e lọ. Tiyín kò lọ tán. Oorun ti dá lójú yín, iṣan yín kò tíì jí.”

“Kí ló dé tí ẹ ò mọ̀?”

“Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń so mọ́ ọwọ́, òun ló ń fi hàn bóyá iṣan ti padà. Tiwa ti bàjẹ́. Ojú lásán ni mo fi wò ó, mo rò pé ẹ ti ń mí dáadáa. Ẹ má bínú, mà. Tí iṣẹ́ abẹ mìíràn bá tún kàn yín, ẹ tètè sọ ọ́ fún wọn.”

Mi ò bínú tó bí mo ṣe rò pé màá bínú. Ó lè parọ́ fún mi, kò parọ́.

Nílé wa ní Ajégúnlẹ̀, ẹ̀rù oorun bà mí fún ìgbà díẹ̀. Bí ojú mi bá ti ń wúwo, màá gbé ọwọ́ sókè láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń gbọ́ tèmi. Ìyá ọkọ mi wá láti Ìjọ́ra Badia láti tọ́jú wa. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ìtàn náà, wọ́n sunkún, wọ́n sì ní mo gbọ́dọ̀ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

“Ìyàwó mi, o kú, o jí.”

“Màámi, mi ò kú. Mò ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ.”

“Ṣé ò ń mí?”

“Díẹ̀díẹ̀.”

“Ikú náà nìyẹn.”

Mi ò bá wọn jiyàn. Nígbà tí mo gba maikirofóònù lọ́jọ́ ìsinmi, bó ṣe rí gan-an ni mo sọ ọ́: oògùn tó ń dẹ iṣan, èémí tí kò tó, nọ́ọ̀sì tó ní kí n di ọwọ́ òun mú. Àwọn èèyàn ń retí ibi tí mo ti kú. Nígbà tí mo parí láìkú, wọ́n pàtẹ́wọ́ díẹ̀. Ìyá ọkọ mi ń wo ilẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, obìnrin kan tó ṣì wọ aṣọ akọrin dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà. Àbúrò mi ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́dún tó kọjá. Ó sọ fún wa pé òun jí, òun ò lè mí, òun sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀. A ní àlá ni. Kò bá wa sọ ọ́ mọ́.”

Ìyá ọkọ mi ló dá a lóhùn. “Ẹ pè é báyìí.”

Ó pè é, ó sì na fóònù sí mi. Mo kí ẹni náà, mo sọ fún un pé èmi náà jí, mi ò sì lè mí. Ó béèrè bóyá itọ́ dúró sí mi lọ́fun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò kánjú. Mo jókòó sórí àga oníke kan, mò ń gbọ́ ọ. Ìyá ọkọ mi gba Bíbélì àti báàgì lọ́wọ́ mi, wọ́n fa àga tiwọn wá, wọ́n sì jókòó tì mí títí a fi sọ ọ́ tán.