Ẹ̀yìn Múíbà àti Bẹ́ńṣì Tí A Jà Fún

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí bóyá ìwọ́de ń so èso, ẹ gbọ́ ti Ìlọrà. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba nígbà náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ tíṣà ní ilé ìwé wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé. Kò sí ohun tí n kò mọ̀.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì karùn-ún tó ń jẹ́ Múíbà. Èjìká rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ. "Abuké" ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Bí wọ́n bá tò sórí ìlà láàárọ̀, tíṣà á jágbe mọ́ ọn: "Na ẹ̀yìn rẹ! Àbí o ti darúgbó ni?" Ọmọ á nà án títí, kò ní nà, pàṣán á sì bà á.

Orí búlọ́ọ̀kù ni àwọn ọmọ wa ń jókòó sí, itan ni wọ́n fi ń ṣe tábìlì. Ni mo bá kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí: BÚLỌ́Ọ̀KÙ LÓ TẸ EEGUN Ẹ̀YÌN ỌMỌ WA. A fi Múíbà ṣíwájú, tíṣà àti òbí sì wọ́ tẹ̀lé e lọ bá ìjọba ní ọ́fíìsì wọn. Ọ̀gá kan jáde sí wa nínú agbádá tó gba gbogbo ẹnu ọ̀nà. Ìyá Múíbà gbé búlọ́ọ̀kù kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ jókòó, sà, kí ẹ kọ orúkọ yín fún wa."

Ó jókòó. Kò lè dá dìde mọ́, ọlọ́pàá méjì ló fà á sókè. Kí táàmù tó parí, bẹ́ńṣì ti dé.

Pẹ̀lú ayọ̀ ìṣẹ́gun yìí ni mo bá ìyá àti ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn. Dókítà ní, "Ọmọ mi, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń gbálẹ̀." Apá kan ẹ̀yìn rẹ̀ sì yọ sókè bí ebè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù.

"Tíṣà, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù," ni dókítà wí. "A kì í sábà mọ ohun tó ń fa irú èyí. Ó máa ń wà nínú ìdílé nígbà mìíràn."

"Ìyá bàbá rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀," ni ìyá rẹ̀ fi ohùn kẹ́lẹ́ sọ.

"Ìgbà tí ọmọ bá ń yára ga ló ń tẹ̀ sí i. Ká ní ẹ tètè mú un wá ni, ó ṣeé ṣe kí àmùrè líle tí à ń dè mọ́ àyà àti ẹ̀yìn dá a dúró. Ṣé ẹnikẹ́ni kò rí i ni?"

Ìyá Múíbà wò mí. "Tíṣà, àárọ̀ wo ni kì í bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀ lójú yín?"

A jèrè bẹ́ńṣì. Ó dára, ọmọ kò yẹ kó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Pàṣán kúrò lára Múíbà. Ó ń ránṣọ ní Fìdítì báyìí, ó sì mọ bí a ṣe ń gé ẹ̀wù kí èjìká méjèèjì lè dọ́gba. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dábàá nípàdé pé ká máa yẹ ẹ̀yìn àwọn ọmọ wò lọ́dọọdún, alága wa ní ìyẹn kò ṣeé fi ṣe ìwọ́de. Gbèsè àyẹ̀wò yẹn ṣì wà nílẹ̀. Láàárọ̀ ọ̀la, àwọn ọmọ á tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀, tíṣà á sì dúró lẹ́yìn wọn, á máa wo ibi tí pàṣán máa bà.